Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Mo Tún Ṣe ní Jámánì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ará àdúgbò Adébáyọ̀ ń bi mí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa bi mí, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bi mí, pásítọ̀ wa náà bi mí níwájú gbogbo ìjọ: "Tíṣà, báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mà á ní ó dára, ó tutù. N kò purọ́. Ó dára lóòótọ́, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀ kò dára, inú sì ń bí mi débi pé bí ẹnìkan bá tún kí mi kú oríire lọ́la, mo lè bú u. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ẹ kà á, kí ẹ yéé kí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Adó-Èkìtì. Ẹranko tí mo sì ń lé kiri láti ọdún mélòó kan ni akika, èyí tí ìpẹ́ bo lára bí ẹja, tó ń jẹ èèrà àti ikán, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ń pa á jẹ, àwọn mìíràn ń kó ìpẹ́ rẹ̀ sínú àpò, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ tà. Ó ti ń tán lọ.

Igbó kan wà lẹ́yìn ìlú Ìyìn tí akika ṣì pọ̀ sí. Ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí ni. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbà á láti fi gbin ọ̀pẹ. Àwọn àgbà mọ̀lẹ́bí náà ṣe ìpàdé nílùú Ìgèdè, wọ́n ní àwọn á mú sùúrù títí ìwádìí mi yóò fi jáde. Bí ó bá fi hàn pé akika inú igbó náà jẹ́ ìran ọ̀tọ̀ tí kò sí níbòmíràn, àjọ kan lókè òkun ti ṣèlérí pé àwọn á bá wọn dáàbò bo igbó náà, kò ní sí ẹni tí yóò gé e. Bí kò bá fi hàn, kí àwọn ọlọ́pẹ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó kó gbogbo ohun tí mo gbé lọ sí Jámánì fún àyẹ̀wò jọ fún mi ni Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ọdẹ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Àládùúrà, ọmọ Ìyìn látilẹ̀wá. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣa ìpẹ́ tó já sílẹ̀, tí wọ́n ń bẹ àwọn tó ti pa ẹran pé kí wọ́n gé ẹyọ kékeré fún àwọn. Wọ́n gbé ìbọn wọn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Wọ́n tún lọ bá àwọn ọdẹ yòókù pé kí àwọn náà fara dà á díẹ̀, pé Tíṣà ń lọ bá wa gba igbó wa. Mo ní kí ẹ mọ èyí kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ibi tí wọn kì í kíni

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi, ó sì jọ pé òun nìkan ló mọ ìkíni ní ìlú yẹn. Mo wọ ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo kí àwọn mẹ́rin tó dúró nídìí ẹ̀rọ kọfí. Ẹnìkan mi orí. Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́jọ dúró bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà, kálukú pẹ̀lú àyè tirẹ̀. Mo fi èdè wọn sọ "ẹ káàárọ̀", èyí tí mo ti ń kọ́ nínú fóònù láti Adó. Ìyá àgbà kan dáhùn. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí ìyá. Kí ni ìyá wí? Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní ike omi tí mo jù nù lánàá, inú garawa aláwọ̀ yẹ́lò ló yẹ kí n jù ú sí. Ẹ gbà mí o! Ó ti ń ṣọ́ mi láti àná.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa, Dókítà Helga, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ní kí n máa pe òun ní Helga. Báwo? Ẹni tó lè bí mi? "Mà" ni mo ń pè é títí mo fi kúrò níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé orúkọ ọ̀hún ni mi ò lè pè.

N kò ní sọ pé èèyàn burúkú ni. Lọ́jọ́ tí mo fi àwòrán akika tí wọ́n so kọ́ lẹ́bàá títì hàn án, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi mí bí ẹranko náà ṣe tóbi tó. Ó bi mí irú igi tó ń gùn. Ó bi mí bóyá ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á. Kò bi mí lórúkọ ẹni tó rin inú igbó fún ọdún méjì láti bá wa ṣa ìpẹ́.

Ariwo ọjọ́ Sọ́ńdè

Oúnjẹ alẹ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, búrẹ́dì tútù ni, pẹ̀lú wàràkàṣì àti kùkúńbà kíkan. Búrẹ́dì náà dúdú, ó le, ó sì kan. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí wá jẹun, mo jẹ ẹyọ kan, mo gbé ọwọ́ lẹ́rán, mo ń dúró de oúnjẹ gan-an. A jókòó títí. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwo ni mo tó mọ̀ pé a ti jẹun tán.

Èmi, ọmọ Èkìtì! Mo ti mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, mo ti gbé odó kékeré kan sínú ẹrù mi. Mo wá iṣu títí, mo rí i lọ́wọ́ ìyá ará Gánà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo se é, ó jinná, mo bẹ̀rẹ̀ sí gún un. N kò tíì gún un tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin ìsàlẹ̀ ilé ni, ó mú bébà kan lọ́wọ́, òfin ilé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹnikẹ́ni kì í kan ìṣó nínú ilé yẹn. Mo ní n kò kan ìṣó, iyán ni. Ó ní òun kò mọ iyán, ariwo ni òun gbọ́. Kò pariwo mọ́ mi o, ó rọra sọ ọ́, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ. Iyán oníkókó ni mo jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì fi ìbínú jẹ ẹ́ tán.

Kọ́lá

Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ló wà níbi iṣẹ́ wa, Kọ́lá, ọmọ Èkó, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Òun náà ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. "Àǹtí, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú òtútù. Ilé ńkọ́?" Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Nínú ẹran ara gbogbo ohun abẹ̀mí, ó ní àkọsílẹ̀ gígùn kan wà tí wọ́n jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá. Ẹ̀rọ kan á kà á, kọ̀ǹpútà á sì fi ti akika kan wé ti òmíràn. Àwọn tó bá jọ ń gbé igbó kan náà láti ayébáyé, àkọsílẹ̀ wọn á jọra. Bí wọ́n bá wá gba àpò ìpẹ́ lọ́wọ́ olè ní èbúté, wọ́n lè sọ inú igbó tó ti jí i kó. Mo gbọ́ ọ, orí mi wú. Mo ní ẹ wo ohun tí Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ń fi àdá lásán wá kiri.

Ṣùgbọ́n Kọ́lá ní àwàdà. Ohùn Èkìtì mi ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún 'uṣu' yẹn sọ!" Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Nínú lọ́hùn-ún, kò pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ẹgba ni wọ́n fi yọ "uṣu" àti "ulé" lẹ́nu mi, iṣu ni kí n wí, ilé ni kí n wí. Èmi náà dàgbà tán, mo di tíṣà, mo gba ẹgba lọ́wọ́ wọn, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Mo rò pé ó ti tán lẹ́nu mi. Òtútù yẹn ló tún jí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Kọ́lá ń kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti mú ohun kọ̀ọ̀kan wá sínú kọ̀ǹpútà. Bébà kékeré ni Bàbá lẹ̀ mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, nítorí kíláàsì àwọn àgbà nínú ìjọ wọn ti kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Kọ́lá pè mí.

"Àǹtí, kí ni Ugbo? Ṣé Ugbò Ìlàjẹ ni, létí òkun?"

Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dáhùn. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà: Ugbo Iyin, Ugbo Iyin, Ugbo Iyin, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dókítà Helga dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. Ojú tì mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ẹnu mi ṣe mú tó kò ní gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí bí ẹni tí ìró rẹ̀ tú láàárín ọjà.

"Má wulẹ̀ dá a lóhùn," mo wí kíákíá. "Bàbá àgbà kan ló kọ ọ́, wọn ò mọ̀wé. Igbó ni. Tún un ṣe."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó tẹ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà wọn kì í gba àmì ohùn, nítorí náà Igbo Iyin lásán ló hàn. Helga bi wá bóyá ìṣòro wà. Mo ní rárá o, sípẹ́lì lásán ni. Ara mi sì balẹ̀.

Kéèkì

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, èsì jáde. Akika wa yàtọ̀! Ìran ọ̀tọ̀ ni, wọ́n ti wà lọ́tọ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Helga fúnra rẹ̀ ló yan kéèkì wá. Àwọn tí kì í kí mi wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo sáré jáde sínú òtútù láìwọ kóòtù, mo pe Ìyìn.

"Bàbá, akika yín yàtọ̀ o! Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn!"

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ṣé kọ̀ǹpútà náà ti wá mọ̀?"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Bàbá ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ wọn. Wọ́n ní wọ́n jó débi pé aṣọ funfun wọn pọ́n fún erùpẹ̀. Wọ́n sì lọ sí Ìgèdè, wọ́n sọ fún àwọn àgbà mọ̀lẹ́bí pé kí wọ́n tún dúró díẹ̀, ìwé ń bọ̀.

Ìwé náà dé

Ìwé tí a kọ èsì náà sí jáde. Mo ṣí i ní ojú kọ̀ǹpútà, mo ń wá àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tó wà nínú rẹ̀. Àmì pupa kan wà níbi tí ìran akika tuntun wà. Mo wo Èkìtì. Òfìfo. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo rí àmì náà ní òdìkejì Odò Ọya, láàárín ilẹ̀ àwọn Ìgbò.

Mo pariwo. Gbogbo ọ́fíìsì yí ojú padà, àní ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ dúró.

Kọ́lá ló ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Ibi tó yẹ kí n kọ nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi gan-an tí igbó náà wà sí, mo fi í sílẹ̀ lófìfo, mo ní mà á padà kọ ọ́, mo gbàgbé. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, kọ̀ǹpútà náà á fi orúkọ wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá Iyin, kò mọ̀ ọ́n. Ó wá Igbo. Háà, ó mọ Igbo! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé ohùn igbó tí igi ń hù nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìgbò tí í ṣe èèyàn. Ẹ yọ àmì kúrò lórí méjèèjì, kí ẹ wá fi han ẹ̀rọ.

"Ìwọ Kọ́lá, ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i, Àǹtí. Mo rò pé ẹ ti padà kọ nọ́ńbà náà, pé ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ náà."

Mo bú u. Mo bú u ní Yorùbá, mo tún bú u ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí mo ṣe tán ni Helga bi mí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ bí bàbá náà ṣe kọ ọ́ ni, bóyá kọ̀ǹpútà ì bá gbé e lọ sí ìlú etí òkun tí Kọ́lá dárúkọ yẹn, gbogbo wa ì bá sì béèrè ohun tí akika ń wá nínú omi iyọ̀. A ì bá rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wá bi wá pé, "Ta ló yí i padà?"

Kọ́lá wò mí. Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní òun yóò kọ̀wé àtúnṣe. Ó kọ ọ́ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ ìwé ní ètò tiwọn, ó lè gba oṣù púpọ̀. Àjọ tó ṣèlérí fún wa ti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní igbó kan lọ́hùn-ún. N kò bínú sí akika ibẹ̀, kí Ọlọ́run dá wọn sí. Tiwa ńkọ́? Ní ìparí ìwé náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, orúkọ mi wà níbẹ̀, orúkọ Kọ́lá wà níbẹ̀. Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ "ọdẹ kan ní àdúgbò náà". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ojú ewé ìdúpẹ́ yẹn nìkan ni mo sì kà kí ó tó jáde, n kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n ka ìwé náà fún àwọn mọ̀lẹ́bí ní Ìgèdè. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà pè mí. "Tíṣà, a dúró dè ọ́. A ò rí orúkọ wa níbẹ̀." Kò bá mi jà. Wọ́n buwọ́ lùwé fún àwọn ọlọ́pẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo pe Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, mo ní kọ̀ǹpútà ló ṣe àṣìṣe.

"Ṣé kọ̀ǹpútà náà ń ṣe àṣìṣe?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irọ́ ni mo pa fún bàbá àgbà.

Ìyìn

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni mo lọ sí Ìyìn. Kí a tó dé ìlú, mo ti rí ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, katakata méjì dúró sí i, àwọn igi tí wọ́n ti wó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá iwájú nìkan ni wọ́n tíì dé. Inú igbó lọ́hùn-ún ṣì dúró.

Bàbá jókòó níwájú ilé. Wọ́n kí mi kú àbọ̀, wọ́n kí mi kú òtútù, wọ́n kí mi kú ewu ọ̀nà, wọ́n béèrè ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìkíni tí ebi rẹ̀ ti ń pa mí láti ìgbà tí mo ti lọ, wọ́n kí mi tán, ó sì ń dùn mí nínú. Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi wá fún mi. N kò lè mu ún. Mo kúnlẹ̀, mo sọ bó ṣe jẹ́ gan-an fún wọn, láti orí ẹ̀rín Kọ́lá títí dé orí irọ́ tí mo pa lórí fóònù.



"Kí ni mo kọ síbẹ̀?"

"Ugbó ni ẹ kọ, sà."

"Kí wá ló burú nínú ugbó?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo tọrọ àforíjì. Àìmọ̀kan ló fà á. N kò ní í lọ́kàn láti tàbùkù yín."

Bàbá mi orí. "Bí àwọn ọlọ́pẹ tó ka ìwé ilẹ̀ fún wa ní Ìgèdè ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Tíṣà, ọmọ Ìyìn ni ìyá tó bí ọ. Sọ ọ́ bí ìyá rẹ yóò ti sọ ọ́."

Mo la ẹnu. Ẹ wò ó, èmi tí mo fi odindi ìgbésí ayé mi ń sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, n kò rí ọ̀rọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ra uṣu àti bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wọ ulé. Bí àgbàlagbà ṣe ń bẹ àgbàlagbà, n kò mọ̀ ọ́n mọ́, mo ti lé e jáde lẹ́nu ara mi, mo sì ti lé e jáde lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó jáde nígbà tó yá dàbí ti ọmọ ọdún márùn-ún: "Bàbá, ẹ mọ́ bínú. Ẹ mọ́ bínú sí mi." Mo ń sọ ọ́, mo ń sunkún. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ìwé àtúnṣe tí òyìnbó yẹn kọ, tó bá dé, ṣé àwọn ọlọ́pẹ á kúrò?"

"Rárá, sà. Wọ́n ti buwọ́ lùwé."

"Hẹn-ẹn." Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn. "Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Mọ́ńdè ni mò ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wa katakata yẹn kò mọ inú ugbó, wọ́n ń rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lójoojúmọ́. Èmi ni n ó máa ṣáájú wọn, tí n ó máa fi ọ̀nà hàn wọ́n."

"Bàbá! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é."

"Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo ti gbé ìbọn sílẹ̀, Tíṣà. Kí lo fẹ́ kí n máa jẹ?"

Mo dìde. Wọ́n sìn mí dé títì, wọ́n bá mi dá ọkọ̀ dúró, wọ́n ní kí n bá àwọn kí àwọn ará ilé.